Kí Omi Má Baà Dì Nínú Páìpù Tírélà Ìrìnàjò Yín: Bí Ẹ Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ De Ìgbà Òtútù

Tí ẹ bá ní tírélà ìrìnàjò, ìyẹn ilé onítáyà tí a máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tó sì jẹ́ pé òtútù ibi tí ẹ ń gbé máa ń mú débi tí omi á fi dì, iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé fòní dónìí fọ̀la dọ́la. Ẹ gbọ́dọ̀ kó omi inú táǹkì, inú páìpù àti inú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, kí ẹ wá fi áńtífíríìsì, ìyẹn omi oògùn tí kì í jẹ́ kí òtútù la páìpù, rọ́pò rẹ̀, kí òru àkọ́kọ́ tí omi máa dì tó dé. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe á parí rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ lè lo ìdajì ọjọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹn kó yín láyà jẹ.

Omi inú táǹkì ńlá kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí gbogbo wa la máa ń rántí dà á nù. Ìwọ̀nba omi tó sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́: ìdajì ife péré nínú fáàfù kan, ìwọ̀n tó kù sínú orí pọ́ǹpù, èyí tó jókòó sínú páìpù ṣáwà ìta. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé síbí, omi tó sá pamọ́ yẹn ni mo fi ń lé.

Ìdí tó fi ń ba nǹkan jẹ́ kò ṣòroó lóye. Tí omi bá di yìnyín, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Tó bá wá jẹ́ pé inú ike líle tàbí irin ló há sí, tí kò ráyè fẹ̀, ohun tó há a mọ́ náà ló máa là. Páìpù PEX, àwọn páìpù pupa àti búlúù tó wà nínú ọ̀pọ̀ tírélà òde òní, máa ń fara dà á díẹ̀ torí pé ó lè nà. Àmọ́ àwọn ìsopọ̀ páìpù, orí pọ́ǹpù, ilé asẹ́ omi, táàpù, àti fáàfù oníke tó wà lẹ́yìn tọ́lẹ́ẹ̀tì, àwọn yìí ò lè nà rárá. Èyí tó tún wá dunni jù ni pé ẹ ò ní mọ̀ lásìkò tó là. Yìnyín fúnra rẹ̀ á dí ojú ibẹ̀ pa. Ó di ìgbà ìrúwé, tí ẹ bá tan pọ́ǹpù, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú ògiri.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ti ṣe gbogbo nǹkan tán lọ́dún náà, mo ti rí áńtífíríìsì ní ilé ìdáná àti ní balùwẹ̀, inú mi dùn, mo tilẹ̀kùn. Ṣáwà ìta, èyí tó wà nínú àpótí kékeré lára ògiri tírélà, mi ò rántí rẹ̀ rárá. Nígbà ìrúwé, mo tan pọ́ǹpù, mo wá ń gbọ́ ìró kan, *ṣíì*, bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín eyín. Mo ṣí àpótí yẹn, mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i. Ibi tó là lára táàpù náà kò nípọn ju irun orí lọ, ọ̀dọ̀ omi gbígbóná ló wà. Omi ti gba ibẹ̀ wọ abẹ́ ibùsùn. Nígbà tí mo fọwọ́ kan pátákó abẹ́ ibùsùn náà, ìka mi wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi tú ilẹ̀ ibẹ̀. Àtìgbà yẹn, ṣáwà ìta ló máa ń ṣáájú ohun gbogbo nínú ìwé tí mo máa ń kọ iṣẹ́ yìí sí.

Ohun tí ẹ máa nílò

Áńtífíríìsì ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe tó léwu jù wà. Èyí tí wọ́n ṣe fún omi inú tírélà ni kí ẹ rà. Píǹkì ni àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, propylene glycol sì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ má ṣe da áńtífíríìsì ọkọ̀ sínú páìpù omi yín láé. Ethylene glycol ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìyẹn, májèlé ni, ó ń pa èèyàn, ó ń pa ajá àti ológbò. Kò sí fífọ̀ tí ẹ máa fọ páìpù tí ọkàn yín fi máa balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ máa rí "-50" lára ọ̀pọ̀ ike áńtífíríìsì yìí. Ìwọ̀n Fahrenheit nìyẹn, ó jẹ́ nǹkan bí -46 ní ìwọ̀n Celsius. Kò túmọ̀ sí pé kò ní ki títí dé ìwọ̀n òtútù yẹn o. Ó máa ti ki tipẹ́tipẹ́ kó tó débẹ̀, á dà bíi yìnyín tí wọ́n rún mọ́ omi, ṣùgbọ́n kì í fẹ̀ débi tó máa la páìpù. Torí náà, tí ẹ bá rí i tó ki nínú àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì láàárín ìgbà òtútù, ẹ má bẹ̀rù. Àwọn kan tún wà tí wọ́n po ọtí líle mọ́. Owó wọn máa ń dínkù, àmọ́ wọ́n lè gbẹ àwọn rọ́bà tó ń dènà jíjò, wọ́n lè gbiná, òórùn wọn kì í sì í tètè kúrò. Ní tèmi, èyí tí kò ní ọtí nínú ni mò ń rà. Gálọ́ọ̀nù 2 sí 3, ìyẹn nǹkan bíi lítà 8 sí 11, máa ń tó ọ̀pọ̀ tírélà. Ẹ fi gálọ́ọ̀nù kan kún un, kó má lọ tán lójú iṣẹ́.

Ohun ìyókù ò pọ̀: sípánà tó bá ìdérí ẹ̀rọ amómigbóná yín mu, súkúrù-díráfà kan, họ́ọ̀sì kékeré tí a lè rí inú rẹ̀ láti fi fa áńtífíríìsì, tépù funfun tí àwọn púlọ́ńbà máa ń wé mọ́ ojú ìdè páìpù, iná tọ́ọ̀ṣì, àti awò tó lè bo ojú yín dáadáa. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, irú èyí tí a fi ń fẹ́ táyà, ẹ gbé e jáde, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí ẹ lè dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ wá ìwé tó bá tírélà yín wá pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n fi fáàfù sí nínú tírélà kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ẹlòmíì sì máa ń wá tiẹ̀ fún wákàtí kan gbáko nígbà tó jẹ́ pé ó wà nínú àwòrán ojú ewé kejì.

Táǹkì omi ìdọ̀tí

Ẹ wa tírélà lọ síbi tí wọ́n fàyè gbà kí a da omi ìdọ̀tí sí. Táǹkì tọ́lẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ti omi ìfọ̀wọ́ àti ìwẹ̀, kí omi ọṣẹ yẹn lè fọ họ́ọ̀sì yín. Ẹ fi omi ṣan táǹkì méjèèjì títí èyí tó ń jáde á fi mọ́. Ìdọ̀tí tó bá gbẹ mọ́ inú táǹkì fún oṣù mélòó kan á di wàhálà nígbà ìrúwé, ẹ̀rọ tó ń sọ bí táǹkì ṣe kún tó á sì máa parọ́ fún yín.

Ẹ̀rọ amómigbóná

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí pé ibẹ̀ nìkan ni ẹ ti lè fi ara yín pa nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Omi inú ẹ̀rọ náà gbóná gan-an, ó sì wà lábẹ́ agbára. Ẹ pa á láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ti gáàsì àti ti iná mànàmáná, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti tutù.

Tó bá dàárọ̀, ẹ yọ họ́ọ̀sì omi tó wá láti ìta, ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ wá ṣí táàpù omi gbígbóná kan nínú ilé kí agbára inú páìpù lè jáde. Ẹ bọ́ síta, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó bo ẹ̀rọ náà, kí ẹ gbé irin kékeré tó wà lórí fáàfù agbára sókè. Tó bá ti dákẹ́, tí kò tú omi mọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi sípánà kan ìdérí ìsàlẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má dúró sí iwájú rẹ̀, torí pé ṣe ni omi á tú jáde pàà. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gba gálọ́ọ̀nù 6 tàbí 10, ìyẹn nǹkan bíi lítà 23 tàbí 38.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ amómigbóná tí ilé iṣẹ́ Suburban ṣe ni tiyín, ẹ ó rí i pé ọ̀pá gígùn kan ló bá ìdérí náà jáde. Ọ̀pá anode nìyẹn. Irin ni táǹkì náà, ọ̀pá yìí ni wọ́n sì fi síbẹ̀ kí ìpẹtà lè máa jẹ ẹ́ dípò kó jẹ táǹkì. Sípánà 1-1/16 ínǹṣì ló ń tú u. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọ̀pá tuntun máa ń nípọn, ó máa ń dán. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún àsìkò kan á rí ṣágiṣàgi bí igi tí ikán ti jẹ. Tó bá ti jẹ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ ra òmíràn, torí pé bí ọ̀pá bá tán, táǹkì ló kàn. Aluminiọ́ọ̀mù ni táǹkì ti ilé iṣẹ́ Atwood ní tiẹ̀, ìdérí ike ló máa ń ní, kò ní ọ̀pá kankan. Ẹ má fi ọ̀pá anode sí i. Ìdérí ike yẹn sì rọrùn láti bàjẹ́ tí a bá fi ipá dè é jù, torí náà ẹ rọra ṣe é.

Kí ẹ tó dé e padà, ẹ fi họ́ọ̀sì fọ inú táǹkì. Ẹ máa rí àwọn nǹkan funfun bí ẹ̀fun tí wọ́n rún, tó ń tú jáde láti ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tú jáde tán. Ẹ wá wé tépù funfun mọ́ ojú ìdè rẹ̀, kí ẹ sì dé e padà, kí kòkòrò má baà sọ ibẹ̀ dilé.

Ẹ tẹ́tí sí èyí o: táǹkì ti gbẹ báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì tan iná mànàmáná rẹ̀, irin tó ń mú omi gbóná á jóná láàárín ìgbà díẹ̀. Ẹ lẹ tépù mọ́ orí ibi tí wọ́n ti ń tan án, kí ẹ sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára rẹ̀ pé TÁǸKÌ TI GBẸ.

Omi tútù àti ojú ìṣàn ìsàlẹ̀

Ẹ ṣí ojú ìṣàn táǹkì omi mímọ́. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tírélà, ẹ máa rí páìpù kékeré méjì tó yọ orí síta, ọ̀kan fún omi gbígbóná, ọ̀kan fún omi tútù. Ibẹ̀ ni ibi tó lọ sílẹ̀ jù nínú gbogbo páìpù ilé náà. Nínú tírélà míì, inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí abẹ́ ibùsùn ni ẹ ti máa rí fáàfù wọn. Ẹ ṣí méjèèjì, kí ẹ wá wọlé lọ ṣí gbogbo táàpù, ti gbígbóná àti ti tútù, kí ẹ sì tẹ ẹsẹ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí omi lè dà, mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé kí omi tó lè rí ọ̀nà jáde.

Tí omi bá ti ń kán tó-tó-tó, ẹ yí ẹsẹ̀ iwájú tírélà sókè díẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ tún yí i wálẹ̀. Ẹnu á yà yín sí iye omi tó tún máa jáde. Ẹ lè tan pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan kó pọ èyí tó kù nínú rẹ̀, kí ẹ sì pa á.

Ẹ yọ asẹ́ omi inú ilé rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ da omi inú ilé asẹ́ náà. Áńtífíríìsì kò gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kọjá, torí pé ó máa ba asẹ́ jẹ́, asẹ́ sì máa mu ín sára. Asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà pọ́ǹpù náà ń fẹ́ kí ẹ tú òun wò. Ike tín-ín-rín ni, omi sì máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ṣé afẹ́fẹ́ ni àbí áńtífíríìsì?

Àwọn kan gbà pé tí a bá ti fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ omi jáde, ó parí. Àwọn míì ò gbà, áńtífíríìsì nìkan ni wọ́n gbọ́kàn lé. Mo máa ń ṣe méjèèjì, torí pé iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Áńtífíríìsì tí a ń tà nínú ike, wọ́n ti po omi mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ dé ìwọ̀n tó yẹ. Tí omi púpọ̀ bá tún wà nínú páìpù, ó máa là á, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Afẹ́fẹ́ ló ń gbá omi yẹn kúrò lọ́nà. Àmọ́ afẹ́fẹ́ nìkan kì í dé inú orí pọ́ǹpù, omi sì máa ń kù sí ìdí fáàfù.

Tí ẹ bá máa fẹ́ ẹ, ẹ ra irin kékeré tó máa so ẹnu ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ ojú ibi tí ẹ máa ń so họ́ọ̀sì omi mọ́ lára tírélà. Ẹ fi agbára rẹ̀ sí 30 sí 40 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára afẹ́fẹ́. Kò gbọ́dọ̀ kọjá 50, torí pé afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù lè ya ìsopọ̀ páìpù kí òtútù tó débẹ̀ rárá. Ẹ ti gbogbo táàpù, ẹ wá máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa kọ́kọ́ tutọ́, á wá máa fẹ́ ìrì, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan lá máa jáde. Ẹ tì í, kí ẹ bọ́ sí òmíràn.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú

Kí áńtífíríìsì tó wọ páìpù, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amómigbóná kọjá, kó má wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ni fáàfù ẹ̀bùrú yìí wà. Ó lè jẹ́ fáàfù kan, méjì tàbí mẹ́ta. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ ti èyí tó wà lórí páìpù tó wọlé àti èyí tó wà lórí páìpù tó jáde, kí ẹ wá ṣí ti àárín. Ọwọ́ fáàfù tó bá dọ́gba pẹ̀lú páìpù ti ṣí. Èyí tó bá dábùú páìpù ti wà ní títì.

Tí ẹ bá gbàgbé èyí, gálọ́ọ̀nù 6 tàbí 10 áńtífíríìsì á kọ́kọ́ kún inú táǹkì yẹn kí ẹ tó rí ìkán kan ní táàpù omi gbígbóná. Torí náà, tí pọ́ǹpù bá ń fa áńtífíríìsì lọ ràì, tí omi tútù ti pọ́n, àmọ́ tí omi gbígbóná kò mú ohunkóhun jáde, ẹ pa pọ́ǹpù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ wo ẹ̀bùrú.

Ó di orí píǹkì

Ẹ ti ojú ìṣàn ìsàlẹ̀ méjèèjì. Mo ti rí ẹni tó da odidi gálọ́ọ̀nù kan sórí koríko torí pé kò rántí èyí. Ẹ ti gbogbo táàpù.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, ọ̀pọ̀ tírélà ní fáàfù kan tí a lè yí kí pọ́ǹpù dẹ́kun fífa omi láti inú táǹkì, kó máa fa láti inú họ́ọ̀sì kékeré kan. Tí tiyín kò bá ní in, ẹ lè ra irú rẹ̀ kí ẹ so ó mọ́ ọn, tàbí kí ẹ tú páìpù tó ń wọ pọ́ǹpù, kí ẹ sì so họ́ọ̀sì mọ́ ibẹ̀. Ẹ ti ẹnu họ́ọ̀sì náà bọ ìsàlẹ̀ ike áńtífíríìsì, kí ẹ tan pọ́ǹpù. Á pariwo díẹ̀, ẹ máa rí píǹkì tó ń gun họ́ọ̀sì bọ̀, lẹ́yìn náà pọ́ǹpù á dákẹ́ nígbà tí agbára bá ti kún inú páìpù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táàpù tó sún mọ́ pọ́ǹpù jù. Ẹ ṣí ọ̀dọ̀ omi tútù rẹ̀ wẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ jáde, omi funfun á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ má tì í nígbà yẹn. Ẹ dúró kó pọ́n bíi ti inú ike gan-an, torí pé èyí tó ṣì mọ́ díẹ̀ yẹn, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tì í, ẹ ṣí ọ̀dọ̀ omi gbígbóná, kí ẹ ṣe bákan náà. Ẹ wá bọ́ sí táàpù tó tẹ̀ lé e. Kí ẹnì kan máa wo ike áńtífíríìsì níta tó bá ṣeé ṣe, kí pọ́ǹpù má lọ fa afẹ́fẹ́.

Ní balùwẹ̀, ẹ gbé orí ṣáwà wálẹ̀ sínú ibi ìwẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, kí omi má baà jókòó sí ibi tí họ́ọ̀sì rẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì títí píǹkì á fi máa yí inú àwo náà ká. Tí ìfọ́nmi ọwọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ ìyẹn náà.

Wàyí o, ẹ jáde síta. Ṣáwà ìta: ọ̀dọ̀ tútù, ọ̀dọ̀ gbígbóná, àti orí ṣáwà fúnra rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni o, kì í ṣe ọ̀kan. Síǹkì ilé ìdáná ìta, tó bá wà. Páìpù tó ń fọ inú táǹkì tọ́lẹ́ẹ̀tì kì í sábà sí lára páìpù tí pọ́ǹpù ń fún lómi, ojú tiẹ̀ wà lọ́tọ̀ lára ògiri. Afẹ́fẹ́ ni ẹ máa fi fẹ́ omi inú rẹ̀. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ tàbí fíríìjì tó ń ṣe yìnyín, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní fáàfù tiẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ìwé tó bá wọn wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ amómigbóná tí kò ní táǹkì. Ẹlòmíì nínú wọn gba áńtífíríìsì, ẹlòmíì ò gbà á.

Ibì kan kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé. Ojú ibi tí ẹ máa ń so họ́ọ̀sì omi mọ́ lára ògiri tírélà ní fáàfù kékeré kan tó ń dènà kí omi padà jáde. Omi máa ń há sẹ́yìn rẹ̀, pọ́ǹpù kò sì lè tì í síta nígbà tí fáàfù náà bá wà ní pípadé. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ ṣí táàpù kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí agbára inú páìpù dínkù, àmọ́ kó má tán pátápátá. Ẹ yọ asẹ́ kóńkóló tó wà lójú rẹ̀. Ẹ fi awò sójú. Ẹ wá fi ìdí súkúrù-díráfà tẹ àárín rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́. Omi á fọ́n jáde, píǹkì á tẹ̀ lé e. Ẹ fi asẹ́ rẹ̀ padà, ẹ dé e.

Abẹ́ síǹkì

Páìpù abẹ́ síǹkì kọ̀ọ̀kan àti abẹ́ ibi ìwẹ̀ máa ń tẹ̀ kọ́rọ́ níbì kan, omi sì máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo láti dí òórùn táǹkì. Èyí tó ṣàn gba ibẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣí táàpù lè má tó. Ẹ bu ife áńtífíríìsì kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bu díẹ̀ sínú àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì kó bo rọ́bà ìdí rẹ̀, torí pé rọ́bà yẹn máa ń gbẹ tí omi ò bá sí lórí rẹ̀. Ẹ da ìwọ̀nba sínú táǹkì ìdọ̀tí méjèèjì, kó lè dáàbò bo fáàfù tí ẹ fi ń ṣí wọn.

Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ fi gbogbo táàpù sílẹ̀ ní ṣíṣí. Tí ìkán omi kan bá wá ṣẹ́ kù síbì kan, á ráyè fẹ̀ sí.

Ní ti ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣe gbogbo èyí, ẹ má dúró de òru tí wọ́n bá kéde pé ìwọ̀n òtútù máa lọ sí ìsàlẹ̀ 0 ní Celsius. Òru kan tó kàn rọra kan 0 fún wákàtí kan lè má ṣe nǹkan kan, àmọ́ abẹ́ tírélà kò ní ìpìlẹ̀ ilé tó ń gbé ooru sókè, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ gba ibẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Nígbà ìrúwé

Ẹ fi omi mímọ́ sínú táǹkì, ẹ tan pọ́ǹpù, kí ẹ ṣí táàpù lọ́kọ̀ọ̀kan títí píǹkì á fi kúrò, tí omi ò sì ní hó mọ́. Ẹ fi ẹ̀rọ amómigbóná sílẹ̀ lórí ẹ̀bùrú títí ìyẹn á fi parí. Lẹ́yìn náà, ẹ po bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn nínú, ìdá kan nínú mẹ́rin ife, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 60, mọ́ gálọ́ọ̀nù omi 15, ìyẹn nǹkan bíi lítà 57. Ẹ fa á dé gbogbo táàpù títí ẹ ó fi gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án jáde títí òórùn náà á fi lọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi asẹ́ tuntun sí i.

Ẹ dá ẹ̀bùrú padà sí bó ṣe wà, ẹ ṣí táàpù omi gbígbóná, kí ẹ dúró títí omi á fi máa dà geere láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Táǹkì ti kún nìyẹn. Ẹ lè wá ya tépù tí ẹ lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tan iná rẹ̀ kúrò.

Kí ẹ tó kó ẹrù sínú tírélà, ẹ ti gbogbo táàpù, ẹ pa rédíò, ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí sí pọ́ǹpù. Ó yẹ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kó sì dúró pátápátá. Tó bá ń dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣí táàpù, omi ń jò níbì kan. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣáwà ìta.